Ṣé ọ̀rá ló ń gbé eegun ró ni, àbí òun ló ń jẹ ẹ́ run?

Láti ìgbà tí semaglutide àti tirzepatide, àwọn abẹ́rẹ́ tó ń dín ìsanra kù, ti gbòde, tí èèyàn ń fi kílò mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sílẹ̀ kí ọdún tó yí po, ni ìbéèrè kan ti ń jà ràn-ìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì: bí ọ̀rá bá ń lọ báyìí, ṣé eegun ò ní bá a lọ? Àwọn kan ní ọ̀rá ló ń dáàbò bo eegun, pé ẹni tó bá tẹ́ẹ́rẹ́ jù leegun rẹ̀ máa ń tètè kán. Àwọn mìíràn ní irọ́ ni, wọ́n ní ọ̀rá gan-an ló ń jẹ eegun láti inú wá. Tọ̀tún tòsì ló ń pe ìwádìí ní ẹlẹ́rìí, àwọn ìwádìí náà kì í sì í ṣe ayédèrú. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dàrú mọ́ òǹkàwé lójú.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń jiyàn kì í mẹ́nu bà ni pé kì í ṣe ìwúwo ọ̀rá nìkan ni eegun ń mọ̀ lára. Ọ̀rá ń tú họ́mọ́nù sínú ẹ̀jẹ̀, eegun sì ń gba àwọn họ́mọ́nù yìí bí ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ sí. Iṣẹ́ ọ̀hún kì í ṣe ẹyọ kan. Òmíràn ní kí eegun máa kọ́lé, òmíràn ní kó dáwọ́ dúró, òmíràn sì wà tó jẹ́ pé ohun tó ń sọ fún ọpọlọ yàtọ̀ pátápátá sí ohun tó ń sọ fún mùdùnmúdùn inú eegun.

Ṣé ọ̀rá náà ń tú họ́mọ́nù jáde ni?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó sì pọ̀. Láyé àtijọ́, àká lásán ni àwọn oníṣègùn ka ọ̀rá sí, ibi tí ara ń kó àjẹṣẹ́kù pamọ́ sí de ọjọ́ ebi. Bí o bá fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wo sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá kan, wàá rí ìdí tí wọ́n fi rò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kán ọ̀rá kan ṣoṣo ló gba gbogbo inú rẹ̀. Ó ti gbogbo ohun yòókù gún etí, àfi bíi òrùka tí òkúta rẹ̀ yọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kò jọ ohun tó ń ṣiṣẹ́ kankan.

Eku ló tú àṣírí. Ní 1950, àwọn olùwádìí ní Jackson Laboratory, ní ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà, kọ nípa irú eku kan tí kì í yó. Ó ń jẹ, ó ń jẹ, títí ó fi sanra tó ń wọ́ ara rẹ̀ nílẹ̀. Nígbà tó yá, Douglas Coleman, tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, so ìṣàn ẹ̀jẹ̀ irú eku bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́ ti eku mìíràn, ni asanra bá dín jíjẹ kù. A jẹ́ pé nǹkan kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ eku kejì tí asanra yìí kò ní. Ó di 1994 kí Jeffrey Friedman àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Rockefeller University ní New York tó rí jíìnì tó ń ṣe nǹkan náà. Wọ́n sọ ọ́ ní leptin, láti inú ọ̀rọ̀ èdè Gíríìkì tó túmọ̀ sí tẹ́ẹ́rẹ́. Níbo ló ti ń jáde? Láti inú ọ̀rá fúnra rẹ̀. Bí ọ̀rá bá ṣe pọ̀ tó ni leptin ṣe ń pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀, ọpọlọ sì ń fi ìyẹn mọ bí àká ṣe kún sí.

Ní 1995, wọ́n tún rí adiponectin. Láti ìgbà náà, orúkọ lórí orúkọ ló ń jáde, débi pé àwọn onímọ̀ fún gbogbo wọn ní orúkọ àpapọ̀ kan: adipokine. Kì í ṣe gbogbo wọn ló kan eegun. Àwọn tó kàn án gan-an ni mo máa dúró lé lórí.

Kí ló kan eegun nínú ọ̀rọ̀ ọ̀rá?

Ẹni tó bá rí eegun tó ti gbẹ, tó ti funfun, lè rò pé òkúta ni. Nínú ara alààyè, eegun kì í sinmi. Oríṣi òṣìṣẹ́ méjì ló wà níbẹ̀ tọ̀sán tòru. Àwọn sẹ́ẹ̀lì awólé, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní osteoclast, á gbẹ́ eegun tó ti gbó kúrò. Àwọn sẹ́ẹ̀lì mọlémọlé, ìyẹn osteoblast, á tẹ̀ lé wọn, wọ́n á máa dí ihò tí wọ́n gbẹ́. Nínú ara àgbàlagbà, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo eegun ni wọ́n ń wó tí wọ́n sì ń tún kọ́ lọ́dọọdún. Bí àwọn awólé bá yára ju àwọn mọlémọlé lọ fún ọdún púpọ̀, inú eegun á dà bí afárá oyin tí ògiri rẹ̀ ti tín-ín-rín jù. Eegun ẹlẹgẹ́ nìyẹn, òun ni wọ́n ń pè ní osteoporosis.

Ilé kíkọ́ ń náni lówó, ti eegun náà ń ná ara lágbára. Ara kò ní máa kọ́ eegun tuntun nígbà tí kò sí ohun tó máa jẹ lọ́la. Ìdí nìyí tó fi bọ́gbọ́n mu pé kí ọ̀rá, tó mọ iye tó wà nínú àká, máa ránṣẹ́ sí eegun. Títí débẹ̀, àwọn onímọ̀ kò bá ara wọn jà. Ohun tí iṣẹ́ náà ń sọ ni ìjà wà lé lórí.

Leptin ńkọ́: ọ̀rẹ́ eegun ni àbí ọ̀tá?

Orí leptin ni awuyewuye tó gbóná jù wà. Ní ọdún 2000, àwọn olùwádìí Patricia Ducy, Gérard Karsenty àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé eku asanra tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan wá sórí tábìlì. Eku yìí kò ní leptin rárá. Họ́mọ́nù ìbímọ rẹ̀ lọ sílẹ̀, họ́mọ́nù ìdààmú sì kún inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Èyíkéyìí nínú méjèèjì tó láti sọ eegun di ẹlẹgẹ́. Àmọ́ nígbà tí wọ́n gé eegun ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ó ki ju ti eku tó pé lọ. Wọ́n wá fi leptin sínú ọpọlọ eku náà, kíki eegun rẹ̀ sì wálẹ̀. Ní 2002, wọ́n tọpa rẹ̀ dé orí àwọn fọ́nrán iṣan tó máa ń mú àyà lù kìkì nígbà tí ẹ̀rù bá bani: láti ọpọlọ, iṣẹ́ tí leptin rán ń gba ojú ọ̀nà wọn kọjá lọ sọ fún àwọn mọlémọlé pé kí wọ́n rọra ṣe.

Bó bá ṣe pé ibẹ̀ ló parí sí ni, leptin ì bá ti jẹ́bi. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn olùwádìí mìíràn wo eegun itan irú eku kan náà dípò eegun ẹ̀yìn, ìtàn yí padà. Eegun itan kúrú, ó fúyẹ́, ọ̀rá sì kún inú mùdùnmúdùn rẹ̀ bámúbámú. Eku kan náà, àìsí leptin kan náà, eegun ẹ̀yìn ń sọ tirẹ̀, eegun itan ń sọ tirẹ̀. Nínú ìgò ìwádìí pẹ̀lú, leptin tó bá kan sẹ́ẹ̀lì mùdùnmúdùn ní tààrà máa ń tì í sí ọ̀nà eegun, kì í tì í sí ọ̀nà ọ̀rá.

Nínú ara èèyàn, ẹ̀rí tó wà tẹ̀ sí apá ọ̀rẹ́. Àwọn obìnrin kan wà tí nǹkan oṣù wọn dúró nítorí pé wọ́n ń sáré ìje ju oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ lọ, tàbí nítorí pé wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Leptin wọn máa ń lọ sílẹ̀, eegun wọn sì máa ń tètè kán. Nínú ìwádìí kékeré kan tó jáde ní 2004, wọ́n gún obìnrin mẹ́jọ bẹ́ẹ̀ ní leptin fún oṣù bí mélòó kan. Estrogen wọn, ìyẹn họ́mọ́nù ìbímọ obìnrin, gbéra, àmì pé wọ́n ń kọ́ eegun tuntun sì pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Obìnrin mẹ́jọ kò tó nǹkan, lóòótọ́, àmọ́ ìwádìí mìíràn tó pẹ́ ju ìyẹn lọ tún rí i pé eegun ẹ̀yìn irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ ki sí i. Àwọn tó ń bá wọn jiyàn ní bóyá kì í ṣe leptin fúnra rẹ̀ ló ṣe é, bóyá estrogen tó padà dé ni. Àtakò náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, nítorí àwọn méjèèjì jọ gbéra pọ̀ ni.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń ka leptin sí oògùn eegun máa ń gbójú fò. Leptin ẹni tó sanra gan-an kò kéré. Ó pọ̀ lápọ̀jù, ara ni kò fetí sí i mọ́, bí ẹni tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀lọ tó ti dẹ́kun gbígbọ́ ariwo ọ̀lọ. Nítorí náà, kì í ṣe pé bí leptin bá ṣe ń pọ̀ sí i ni èrè eegun ń pọ̀ sí i.

Adiponectin tún ńkọ́?

Òun ni àdììtú. Bí leptin ṣe ń pọ̀ bí ọ̀rá ṣe ń pọ̀, adiponectin ń dín kù ni. Dókítà ọkàn àti dókítà àtọ̀gbẹ fẹ́ràn kó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ti eegun yàtọ̀: nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí tí wọ́n ti ṣe lára èèyàn, àwọn tí adiponectin wọn pọ̀ ni eegun wọn kì í ki tó. Bẹ́ẹ̀ nínú ìgò ìwádìí, ó máa ń ti àwọn mọlémọlé ṣiṣẹ́. Àlàyé méjì ló wà ńlẹ̀. Àwọn kan ní òun fúnra rẹ̀ ló ń dín eegun kù nínú ara. Àwọn kan ní àmì lásán ni, pé ẹni tí adiponectin rẹ̀ pọ̀ ni ẹni tí kò sanra, àìsanra yẹn ló sì fà á.

Ta ló wá ní ọ̀rá ń dáàbò bo eegun, kí sì ni ẹ̀rí rẹ̀?

Ẹ̀rí wọn tó lágbára jù ni estrogen. Nígbà tí obìnrin bá kọjá ọjọ́ nǹkan oṣù, ilé ẹyin rẹ̀ á dáwọ́ estrogen dúró, eegun á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò lọ kíákíá ní ọdún mélòó kan àkọ́kọ́, nítorí estrogen ló máa ń kó àwọn awólé níjàánu. Ọ̀rá kì í ṣe ilé ẹyin, àmọ́ ó ní ẹ́ńsáìmù kan tó ń jẹ́ aromatase. Ẹ́ńsáìmù yìí máa ń gba họ́mọ́nù mìíràn tó wá láti orí kíndìnrín, á sọ ọ́ di oríṣi estrogen kan. Fún obìnrin tó ti dàgbà, inú ọ̀rá ni èyí tó pọ̀ jù nínú estrogen tó kù fún un ti ń wá. Eegun ọkùnrin náà ń jẹ lára rẹ̀, nítorí testosterone nìkan kò tó eegun ọkùnrin. Ó ní láti rí estrogen díẹ̀.

Ẹ̀rí kejì wọn kò la họ́mọ́nù lọ: ìwúwo ni. Eegun tó ń gbé ẹrù máa ń le sí i, eegun tí kò gbé nǹkan kan á máa tín-ín-rín. Ohun tó ń mú eegun àwọn tó ń lọ sí òfuurufú dín kù nìyẹn, bó ti wù kí wọ́n jẹun tó.

Ọ̀rá inú eegun ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá la eegun ọmọ tuntun, pupa ni mùdùnmúdùn rẹ̀ látòkè délẹ̀, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀ ni. Bí wọ́n bá la eegun itan àgbàlagbà ní gígùn, wàá rí àwọ̀ méjì. Ní orí eegun, níbi tó ti wọ inú ìgbáròkó, pupa díẹ̀ ṣì kù láàárín ògiri wẹ́wẹ́ tó rí bí afárá. Bí ojú rẹ bá ti ń lọ sísàlẹ̀, pupa á máa ṣá, á wá di ìyeyè tó ń dán, tó ń rọ̀ bí ìpara. Ọ̀rá gidi ni.

Ohun tó mú ọ̀rá yìí ṣe pàtàkì ni pé ìyá kan náà ló bí òun àti sẹ́ẹ̀lì mọlémọlé. Sẹ́ẹ̀lì ìpilẹ̀ kan wà nínú mùdùnmúdùn tó lè di kọ́lékọ́lé eegun, tó sì lè di ọ̀rá. Èyí tó bá ti di ọ̀rá kì í ṣáà á bá wọn kọ́lé mọ́. Prótíìnì kan tó ń jẹ́ PPAR-gamma ló máa ń tì í sí ọ̀nà ọ̀rá. Ìgbà tí oògùn kan wọ ọ̀rọ̀ náà ni ayé tó rí i kedere. Rosiglitazone, oògùn àtọ̀gbẹ tó ń jí PPAR-gamma, wà nínú ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní ADOPT. Nígbà tí wọ́n ka eegun tó kán láàárín àwọn obìnrin, ó tó 9 nínú 100 láàárín àwọn tó lo rosiglitazone, ó sì jẹ́ 5 nínú 100 láàárín àwọn tó lo metformin, oògùn àtọ̀gbẹ mìíràn. Ìkìlọ̀ jáde ní 2007.

Èyí tó yani lẹ́nu jù lọ ni pé ọ̀rá inú mùdùnmúdùn kì í bá ọ̀rá ìta rìn. Nígbà tí èèyàn bá ń febi pa ara rẹ̀, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti wọlé, tí awọ ti lẹ̀ mọ́ eegun, ọ̀rá inú eegun rẹ̀ máa ń pọ̀ sí i ni. Ní 2014, àwọn olùwádìí kan fi hàn pé ọ̀rá inú eegun yìí wà lára ohun tó ń tú adiponectin sínú ẹ̀jẹ̀ lásìkò ebi. Ó wá ṣeé ṣe kí àdììtú adiponectin tí a sọ níṣàájú má ṣòro tó bẹ́ẹ̀: ọ̀rá ìta ń lọ, ọ̀rá inú ń pọ̀, adiponectin ń gòkè, eegun ń dín kù.

Ṣé ẹni tó sanra kì í dá eegun ni?

Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún nìyẹn, títí ìwádìí kan tó ń jẹ́ GLOW fi dé. Ó kó obìnrin tó lé ní 60,000 jọ láti orílẹ̀-èdè 10, gbogbo wọn jẹ́ ẹni ọdún 55 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àbájáde tó jáde ní 2011 fi hàn pé láàárín 1,000 obìnrin tó sanra jù, 222 ló ti dá eegun rí. Láàárín 1,000 tí kò sanra tó bẹ́ẹ̀, 227 ni. Ìyàtọ̀ ò sí. Ibi tó ń kán ló yàtọ̀. Ọrùn ọwọ́ kì í sábà kán lára àwọn tó sanra, àmọ́ ọrùn ẹsẹ̀ àti òkè itan wọn ń kán ju ti àwọn yòókù lọ.

Kí ló fà á tí estrogen àti leptin inú ọ̀rá kò fi gbà wọ́n? Ibi tí ọ̀rá jókòó sí jẹ́ ìdí kan. Ọ̀rá abẹ́ awọ kò jọ ọ̀rá tó wé mọ́ ìfun àti ẹ̀dọ̀. Bí ọ̀rá inú ikùn bá ti pọ̀ jù, àwọn ọmọ ogun ara máa ń ya wọ inú rẹ̀ bí ẹni pé egbò wà níbẹ̀, wọ́n á sì máa tú kẹ́míkà bíi TNF-alpha àti interleukin-6 jáde. Àwọn kẹ́míkà wọ̀nyí ló máa ń jí àwọn awólé. Èèyàn méjì lè wúwo bákan náà lórí òṣùwọ̀n, kí ti ọ̀kan wà ní ìdí àti itan, kí ti èkejì wà nínú ikùn, kí eegun wọn má sì rí bákan náà.

Àtọ̀gbẹ oríṣi kejì tún dá kún un. Eegun ẹni tó ní i sábà máa ń ki dáadáa lójú ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ó ń kán ju bí ẹ̀rọ ṣe sọ lọ. Èyí mú wa dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ náà, DXA, tó ń wọn kíki eegun. O máa dùbúlẹ̀ gbalaja lórí bẹ́ẹ̀dì pẹlẹbẹ, apá ẹ̀rọ kan á rọra kọjá lókè ìgbáròkó àti ẹ̀yìn rẹ, kò ní fara kàn ọ́, kò sì ní dùn ọ́. Ó ń ta ìtànṣán oríṣi méjì, ó ń wo èyí tí eegun dí lọ́nà. Ìwọ̀n tí ẹ̀rọ bá gbé jáde ni wọ́n á fi wé ti ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ pé. Ẹni tí ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ti ọ̀dọ́ bá já sí -2.5 tàbí sísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ pé eegun rẹ̀ ti di ẹlẹgẹ́. Ẹ̀rọ dáadáa ni, àmọ́ ọ̀rá tó nípọn ní iwájú eegun lè ṣi ìwọ̀n rẹ̀ lọ́nà. Bẹ́ẹ̀ ni bí ọ̀rá náà bá lọ lójijì láàárín ìwọ̀n méjì. Kò sì lè sọ bóyá ohun tí wọ́n fi kọ́ eegun dára. Bó ṣe pọ̀ tó nìkan ló ń kà.

Kí wá ni abẹ́rẹ́ tó ń dín ìsanra kù ń ṣe sí eegun?

Fojú inú wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí kílò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bá lọ. Leptin á já wálẹ̀. Estrogen tí ọ̀rá ń ṣe á dín kù. Adiponectin á gòkè. Ẹrù tí ìgbáròkó ń gbé á fúyẹ́, ẹran ara tó ń fa eegun á sì dín kù pẹ̀lú. Gbogbo wọn dojú kọ ibì kan náà. Ní apá kejì, kẹ́míkà tí ọ̀rá inú ikùn ń tú jáde á dín kù, èyí sì jẹ́ ire fún eegun. Ibi tí òṣùwọ̀n máa tẹ̀ sí ni àríyànjiyàn.

Ìwádìí kan tó jáde ní 2024 fún èèyàn 64 tí ewu eegun kíkán ti wà lórí wọn tẹ́lẹ̀ ní semaglutide tàbí abẹ́rẹ́ tí kò sóògùn nínú rẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 52. Lára àwọn tó gba oògùn, àmì iṣẹ́ àwọn awólé gòkè, àmì iṣẹ́ àwọn mọlémọlé kò gòkè, ìgbáròkó àti eegun ẹ̀yìn wọn sì dín kù ju ti àwọn yòókù lọ. Ìwé tó ń bá abẹ́rẹ́ Wegovy, orúkọ tí wọ́n fi ń ta semaglutide, rìn ní Amẹ́ríkà náà sọ ọ́. Nínú ìwádìí ọkàn tí wọ́n ń pè ní SELECT, obìnrin 24 nínú 2,448 tó lo semaglutide ló dá eegun ìgbáròkó tàbí ti ìbàdí. Láàárín àwọn tí kò lò ó, 5 nínú 2,424 ni. Iye yìí kò pọ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín 24 àti 5 ni wọ́n ń tọ́ka sí.

Ibi tí àwọn onímọ̀ ti pín sí mẹ́ta nìyí. Ìhà kìíní ní ẹ̀sùn kankan kò kan oògùn, fífọn ló fà á, ọ̀nà yòówù kéèyàn gbà fọn. Wọ́n ń tọ́ka sí iṣẹ́ abẹ tó ń dín ikùn kù, tó ti ń fa eegun kíkán tipẹ́ kí abẹ́rẹ́ wọ̀nyí tó dé, wọ́n sì ń tọ́ka sí ìwádìí lórí àtọ̀gbẹ tí oògùn ẹ̀yà yìí kò ti fa eegun kíkán sí i. Ìhà kejì ní eegun tó dín kù kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ àdánù, pé ara tó fúyẹ́ kò nílò eegun tó wúwo tó ti tẹ́lẹ̀. Ìhà kẹta ní àlàyé yìí dára fún ẹni ogójì ọdún, kò dára fún ìyá àgbà ẹni ọdún 75 tí eegun rẹ̀ ti wà létí bèbè kó tó bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́. Lójú tèmi, ìhà kẹta kò tako ìhà kìíní. Ìbéèrè mìíràn ló ń dáhùn.

Ṣé ohun kan wà tó ń dín ìpàdánù yìí kù?

Ó wà, ìwádìí sì ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ní Denmark, èèyàn 195 kọ́kọ́ jẹun ìwọ̀nba fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, wọ́n sì fi nǹkan bíi kílò 13 sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n pín wọn sí mẹ́rin fún ọdún kan: àwọn kan gba abẹ́rẹ́ liraglutide, tó jẹ́ ẹbí semaglutide, àwọn kan ń ṣe eré ìdárayá, àwọn kan ń ṣe méjèèjì, àwọn kan kò ṣe ìkankan. Àbájáde ti eegun jáde ní 2024. Àwọn tó gba abẹ́rẹ́ nìkan ni eegun ìgbáròkó àti ẹ̀yìn wọn dín kù. Àwọn tó pa méjèèjì pọ̀ ló fi kílò sílẹ̀ jù, síbẹ̀ eegun wọn dúró.

Irú eré tí èèyàn ṣe náà ṣe pàtàkì. Ní 2017, ìwádìí kan lórí àwọn àgbàlagbà 160 tó sanra, tí ọ̀pọ̀ jù nínú wọn ń dín oúnjẹ kù, fi hàn pé àwọn tó ń ṣe eré tó ń mú ọkàn lù kánkán, bí ìrìn kánkán, nìkan pàdánù nǹkan bí ìdá 3 nínú 100 eegun ìgbáròkó wọn. Àwọn tó ń gbé irin, tàbí tó pa irin pọ̀ mọ́ irú eré bẹ́ẹ̀, pàdánù nǹkan bí ìdá 1 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Irin máa ń mú kí ẹran ara fa eegun, ìfàgùn yẹn sì ń bá eegun sọ ohun tí leptin tó ti lọ sílẹ̀ kò lè sọ fún un mọ́.

Àwọn wo ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù?

Obìnrin tó ti kọjá ọjọ́ nǹkan oṣù, nítorí ọ̀rá ni orísun estrogen tó kù fún un. Ẹni tó ti lé ní ọdún 65, tàbí tó ti dá eegun rí láìjẹ́ pé ó ṣubú láti ibi gíga. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ ikùn. Ẹni tó ń lo oògùn steroid fún ìgbà pípẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀dọ́bìnrin tó ń sáré ìje tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró. Òun kò gba abẹ́rẹ́ kankan, ọ̀rá rẹ̀ kò sì tó nǹkan, àmọ́ iṣẹ́ kan náà ni leptin tó lọ sílẹ̀ ń jẹ́ fún eegun rẹ̀, ní àkókò tó yẹ kó máa kó eegun jọ de ọjọ́ ogbó.

Ọ̀pọ̀ sì máa ń dá abẹ́rẹ́ dúró lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì, ìsanra á sì padà. Nínú àwọn ìwádìí lórí obìnrin tó ti kọjá nǹkan oṣù, tó fọn, tó tún padà sanra, ọ̀rá ló kọ́kọ́ máa ń padà, ẹran ara kì í padà tó bó ṣe lọ, eegun tó lọ nígbà tí wọ́n ń fọn kì í sì í padà tán. Leptin wọn ti padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Ìgbáròkó wọn kò padà débẹ̀.